Odò Ọya àti Àwọn Ènìyàn Etí Rẹ̀

Ó ṣòro kí a tó rí ilé kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a kò ti gbọ́ orúkọ Odò Ọya rí. Àwọn àgbà a máa dá a nínú ìtàn, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa kà á nínú ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé, ẹni tí ó bá sì gba ọ̀nà Ìlọrin lọ sí Kàdúná yóò kọjá lórí rẹ̀ dandan. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, púpọ̀ nínú wa mọ orúkọ odò náà ju bí a ti mọ odò fúnra rẹ̀ lọ, a sì mọ odò náà ju bí a ti mọ àwọn tí ń gbé etí rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a fi ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí wádìí wọn wò. Nítorí gbèsè kan wà ní ọrùn wa sí wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn jẹ.

Ọ̀NÀ TÍ Ó LỌ SÍBẸ̀

Ẹni tí ó bá jí ní Ọ̀yọ́ tí ó sì kọ ojú sí àríwá yóò la Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, yóò dé Ìlọrin, lẹ́yìn èyí ilé yóò máa jìnnà sí ilé, igi òrí àti igi irú yóò máa dá dúró káàkiri nínú pápá, títí yóò fi dé Jẹ́bà. Níbẹ̀ ni odò ńlá náà yóò yọ sí i lójijì, tòun ti erékùṣù ní àárín rẹ̀, àti àpáta gàgàrà kan tí ó dìde láti inú omi, èyí tí àwọn Tápà ń pè ní Ketsa. Ọkọ̀ a sáré gun afárá. Kí èrò tó nu ojú rẹ̀ tán, odò ti wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti ṣe kọjá nígbà méwàá láì bi ara wa léèrè ibi tí omi púpọ̀ báyìí ti wá, àti àwọn tí í ṣe.

Orí òkè ilẹ̀ Gíní ni ó ti ṣẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí òkun ju nǹkan bí 150 máìlì lọ. Ìbá ti rọrùn fún un tó láti yà sí òkun lọ́gán! Ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó forí lé àríwá àti ìlà-oòrùn, ó wọ ilẹ̀ Málì, ó tàn kálẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá kan bí ẹni pé adágún ni, ó dé ẹnu aṣálẹ̀ lẹ́bàá Tìmbúkútù. Níbẹ̀ ni ó ti yí padà sí gúúsù, ó la ilẹ̀ Niger kọjá, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ Benin, ó wọ ilẹ̀ wa, ó pàdé Odò Benue ní Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn náà ni ó pín sí ẹsẹ̀ púpọ̀ tí ó sì wọ inú òkun. Gbogbo ìrìn rẹ̀ tó nǹkan bí 2,600 máìlì. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, odò Náílì àti odò Kóńgò nìkan ni ó gùn jù ú lọ.

Gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó bá là kọjá ni ó sọ ọ́ ní orúkọ. Joliba ni àwọn Mandinka ń pè é. Isa Ber ni ti àwọn Songhai. Edu ni ti àwọn Tápà. Kwara ni ti àwọn Hausa, láti inú èyí tí Ìpínlẹ̀ Kwara ti gba orúkọ tirẹ̀. Ọya sì ni tiwa. Niger ni àwọn òyìnbó ń pè é, nínú ọ̀rọ̀ yìí sì ni obìnrin kan tí ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, Flora Shaw, ti fa orúkọ Nigeria yọ ní 1897. Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà tí ó bá wí pé òun kò mọ nǹkan kan nípa odò yìí, orúkọ ara rẹ̀ ni kò mọ̀.

ODÒ ÀWỌN BABA WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé odò àwọn àjèjì ni a ń sọ. Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí kọ́ ni Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́ Ilé, tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga, wà ní àríwá réré, láti ibẹ̀ dé etí Odò Ọya kò sì ju nǹkan bí ìrìn ọjọ́ méjì lọ. Àwọn baba wa rí odò náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí ẹnu ọ̀nà ilé. Láti òdìkejì rẹ̀ ni ẹṣin ti ń wá, ẹṣin ni ó sì sọ ogun Ọ̀yọ́ di ogun tí a ń bẹ̀rù títí dé ilẹ̀ Dàhọ̀mì. Kò sì yẹ kí a fi í pamọ́ pé ẹrú wà nínú ohun tí a fi ń san owó ẹṣin wọ̀nyẹn.

Pásítọ̀ Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́ tí ó sì parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, èyí tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọbìnrin Elémpe, ọba Tápà, ni ìyá Ṣàngó, Aláàfin ìgbà láéláé. Àwọn àgbà sì gbà pé Ọya ni ìyàwó rẹ̀ tí ó fẹ́ràn jù, àti pé òun ni odò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ ó rí i pé nínú ìtàn tí àwọn baba wa ń sọ nípa ara wọn, ẹ̀jẹ̀ Tápà wà nínú ìdílé ọba, orúkọ odò Tápà sì wà nínú yàrá rẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni ó wà láàrin àwa àti wọn o. Àwọn Tápà kan náà ni wọ́n lé àwọn ará Ọ̀yọ́ kúrò nílé nígbà kan rí, tí Aláàfin fi sá wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá, tí àwọn tí ó tẹ̀ lé e lórí oyè sì fi jókòó sí Ìgbòho fún ọdún púpọ̀ kí wọn tó lè padà. Bí aládùúgbò ti máa ń rí nìyẹn: lónìí àna, lọ́la ìjà.

Ní nǹkan bí 1836 ni Ọ̀yọ́ Ilé tú pátápátá, nígbà tí ogun Ìlọrin borí. Aláàfin Àtìbà tún ìjọba tẹ̀ dó ní Àgọ́ Ọ̀jà, èyí tí ó di Ọ̀yọ́ tòní. Àwọn mìíràn láti àwọn ìlú inú pápá tí ogun ti fọ́ sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú náà sì ti ara wọn di ńlá. Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé wà síbẹ̀ nínú ọgbà ẹranko ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní 1991, èyí tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín. A sì bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: àwa tí a wà ní ìlú méjèèjì yìí, ọmọ àwọn tí ó fi ilé sílẹ̀ láì fẹ́ ni a jẹ́.

ÀWỌN TÍ WỌ́N WÁ Í WÒ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń jiyàn lórí odò yìí. Àwọn kan ní ìwọ̀-oòrùn ni ó ń ṣàn lọ, àwọn kan ní odò Náílì ni ó ń wọ̀, àwọn kan ní inú iyanrìn aṣálẹ̀ ni ó ń parí sí. Ní 1796, Mungo Park, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, fi ojú ara rẹ̀ rí i ní Ségù pé ìlà-oòrùn ni omi náà dojú kọ. Ó padà wá ní 1805 láti wá òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1806 ó kú sínú omi ní Búsà, níbi tí odò ti ń dà gììrì láàrin àwọn àpáta. Clapperton gba Àgbádárìgì wá, ó wọ Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ó kú ní Sókótó ní ọdún kejì. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, àti àbúrò rẹ̀ John, gba ọ̀nà kan náà ní 1830, wọ́n wọ ọkọ̀ ní òkè odò, wọ́n sì bá omi lọ títí ó fi gbé wọn dé òkun. Báyìí ni iyàn parí.

A kò kẹ́gàn ìgboyà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé kò sí ọjọ́ kan tí odò náà sọnù. Atukọ̀ Tápà mọ ibi tí ó jìn àti ibi tí ó fà. Apẹja Búsà mọ àpáta inú omi bí a ti mọ àga nínú yàrá wa. Àwọn wọ̀nyí ni ó tu ọkọ̀ àwọn àlejò náà, tí ó fún wọn ní oúnjẹ, tí ó sì fi ọ̀nà hàn wọ́n. Orúkọ àlejò wà nínú ìwé. Ti atukọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà tí orúkọ tirẹ̀ kò parẹ́. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, bá ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gòkè odò náà ní 1841. Ibà pa ju 40 lọ nínú àwọn òyìnbó tí ó lọ ìrìn yẹn. Ó tún lọ ní 1854 pẹ̀lú Dókítà Baikie, oògùn kuníìnì sì jẹ́ kí gbogbo wọn padà láàyè. Ní 1857 ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ wọn, Dayspring, sì fọ́ sórí àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ náà, John Glover, ẹni tí ó di gómìnà Èkó níkẹyìn, gba orí ilẹ̀ la ilẹ̀ Yorùbá já dé Èkó láti lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ ó rí i pé nígbà tí omi kọ̀ fún wọn, ọ̀nà ilẹ̀ wa ni ó gbà wọ́n.

BÍ ODÒ TI Ń BỌ́ WỌN

Kí ni odò náà jẹ́ fún àwọn tí ń gbé etí rẹ̀? Ó jẹ́ oko, ó jẹ́ ọ̀nà, ó jẹ́ ọjà, ó sì jẹ́ àká. Ẹ̀yà kan wà nínú àwọn Tápà tí a ń pè ní Kyede. Iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran ni ọkọ̀ títù àti ẹja pípa. Olórí wọn, tí ń jẹ́ Kuta, ní ààfin ní Múrégì, níbi tí Odò Kàdúná ti wọ Ọya. Lókè, ní ìhà Yáúrì, ni àwọn Gungawa wà, tí ń fi erékùṣù inú omi ṣe ilé, tí ń gbin àlùbọ́sà, tí ń pẹja. Àwọn Ìbàrìbá ni ó ni Búsà àti àyíká rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó yani lẹ́nu nínú ètò odò náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó máa ń kún lọ́dún. Ìkún omi kìíní ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, láti inú òjò ilẹ̀ tiwa. Ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, a sì ń pè é ní omi funfun. Èkejì ni omi dúdú. Òjò tí ó rọ̀ ní òkè Gíní ní ọdún kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti fi oṣù púpọ̀ rìn, ó ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Málì, nítorí náà mímọ́ ni ó ń dé. Ìgbà wo ni ó ń dé? Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí gbogbo odò kéékèèké ti gbẹ. Ẹ wo bí ìyẹn ti jẹ́ àánú tó! Nígbà tí àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ń wo ojú ọ̀run, omi ń dé sí àgbẹ̀ etí Ọya láìsí ìkùukùu kan. Bí omi bá sì ti ń fà sẹ́yìn, ilẹ̀ tútù ni ó ń fi sílẹ̀: àkùrọ̀ tí a ń gbin ìrẹsì, ìrèké àti àlùbọ́sà sí. Inú koríko àgbàrá yìí kan náà ni ẹja ti ń yé ẹyin.

Ọ̀wọ̀ tí àwọn ènìyàn náà ní fún omi wọn kì í ṣe kékeré. Ní abúlé Tádà, àwòrán ènìyàn kan wà tí a fi bàbà rọ, tí ó jókòó, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jọ ti àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn Tápà ní Tsoede, baba ńlá àwọn ọba wọn, ni ó gbé e wá pẹ̀lú àwọn àwòrán mìíràn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ará abúlé a máa gbé e lọ sí odò, wọn a sì fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí obìnrin lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Èkó ni ó wà nísinsìnyí. A kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọmọ àti ẹja sínú àdúrà kan náà ti sọ fún wa ohun tí odò jẹ́ fún òun.

ÀWỌN ONÍṢÒWÒ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Ní 1909 ni ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Jẹ́bà, ní 1916 sì ni a parí afárá rẹ̀. Láti ìgbà náà wá ni odò kò ti dí ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí a kò lè sọ ìtàn òwò ní ilẹ̀ yìí láì dárúkọ wọn, gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti Kánò. Àwọn mìíràn gba ìwọ̀-oòrùn lọ sí ilẹ̀ Gánà, wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, títí di oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọjọ́ 14 péré láti jáde. Àwọn ilé kan ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a kò lè dárúkọ ọdún yẹn níbẹ̀ kí àgbà kan má mí kanlẹ̀.

BÚSÀ TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ OMI

Ní ọdún 1969 yìí kan náà ni ìjọba wa ṣí odi ìsédò Kàìnjì pẹ̀lú ayọ̀. Láti 1964 títí dé 1968 ni a fi mọ odi náà sẹ́nu odò, tí omi sì padà sẹ́yìn di adágún kan tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 85 máìlì. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni ó ní láti kúrò nílé. Búsà, níbi tí Mungo Park kú sí, lọ sábẹ́ omi. A kọ́ Búsà Tuntun fún ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Erékùṣù àwọn Gungawa lọ, àkùrọ̀ wọn lọ, ibojì àwọn baba wọn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí Ọ̀yọ́ Ilé lè lọ fi ẹsẹ̀ tẹ ahoro rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí Búsà àtijọ́ kò ní ibi tí yóò tẹ̀.

Kí a má ṣe àìṣòótọ́: ohun rere púpọ̀ ti ti ibẹ̀ wá. Agbára omi tí ń ṣubú ní Kàìnjì, àti ní ìsédò Jẹ́bà tí a ṣí ní 1985, ni a ń fi waya gbé wá sí Òṣogbo, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń tàn ká. Nígbà tí iná mànàmáná bá tàn ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìyá ọmọ lọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, tí dókítà rí ojú iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, omi Ọya wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n odi náà ti tún ìgbà odò ṣe. Ní ìsàlẹ̀, ìkún omi kò dé orí ọ̀pọ̀ àkùrọ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, ìrẹsì dín kù, ẹja sì dín kù. Bí òjò bá tún pọ̀ jù tí a sì ní láti ṣí ìlẹ̀kùn odi, omi a ya bo ilé àti oko. Lórí adágún náà, kùkùtù igi tí omi bò mọ́lẹ̀ a máa da ọkọ̀ àwọn èrò dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ti bá a lọ.

Àwọn ará wa tí ó gbé Gánà rí lè jẹ́rìí pé kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Nígbà tí a sé odò Volta ní Akosombo ní 1965, nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni ó fi ilé sílẹ̀. Níbi gbogbo, bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí: àwọn tí ó jìnnà ni ìmọ́lẹ̀ ń tàn fún, àwọn tí ó wà nítòsí ni omi ń gba ilẹ̀ wọn.

GBÈSÈ TIWA

Ní 2010, ọdún 42 lẹ́yìn tí a parí Kàìnjì, ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó dá àjọ kan tí a ń pè ní HYPPADEC sílẹ̀, láti máa tọ́jú àwọn àdúgbò tí a ti ń fi omi ṣe iná. Ọmọ tí ó wà ní ọmọ ọwọ́ nígbà tí omi bo Búsà ti di bàbá àgbà kí òfin yẹn tó dé. Àwọn baba wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó gba oore tí a fi ọwọ́ ara ẹni fún un, báwo ni yóò ti rí fún wa, tí a gba èyí tí a kò bi olóhun kí a tó mú?

Ẹnikẹ́ni lè wí pé, Kí ni a lè ṣe? Àwa kọ́ ni a mọ odi náà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mẹ́ta wà tí agbára wa ká. Èkíní, kí a sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ wa, kí wọn má ṣe máa fi Tápà tàbí Ìbàrìbá ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni pé àlejò ni wọ́n nínú ìtàn Ọ̀yọ́. Èkejì, nígbà tí àwọn aṣòfin wa bá wá tọrọ ìbò, kí a bi wọ́n léèrè ohun tí a ń ṣe fún àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wa sọ di aláìnílé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ẹnu ẹni tí kò ní èrè nínú rẹ̀ jáde a máa wúwo. Ẹ̀kẹta, kí a wo àwọn odò tí ó wà ní ẹsẹ̀ wa. Ẹni tí ń da pàǹtírí sínú Odò Ọbà kò lè fi ẹnu rere sọ̀rọ̀ nípa Ọya.

Ilé wo ni ó yẹ kí ó mọ inú àwọn ará Búsà ju ilé wa lọ? Ogun lé ìran kan nínú wa kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Àṣẹ ìjọba lé òmíràn kúrò ní Gánà láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. A mọ bí ó ti rí kí a máa rántí ìloro kan tí a kò lè padà sí mọ́. Nítorí náà, ní alẹ́ òní, bí iná bá tàn nínú ilé yín, kí bàbá tàbí ìyá pe àwọn ọmọ, kí ó nawọ́ sí i, kí ó sì sọ fún wọn ibi tí ó ti wá àti ẹni tí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó tàn. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ; bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí ó bá gbàgbé ẹni tí ó fi ìmọ́lẹ̀ fún un.